Gálásì láti orí dẹ́kìn ní Òṣogbo: ẹ jọ̀ọ́, kí ni mi ò ṣe dáadáa?

Ọmọ Òkè-Fìà

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Òkè-Fìà ni mò ń gbé, ní Òṣogbo níbí. Lóṣù tó kọjá ni mo ra Canon 600D àlòkù pẹ̀lú lẹ́ǹsì 50mm f/1.8, nítorí ohun kan ṣoṣo: mo fẹ́ ya gálásì. Kì í ṣe òṣùpá, kì í ṣe Àgùàlà tí gbogbo ayé ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá. Agbo ìràwọ̀ mìíràn, tó wà lẹ́yìn òde tiwa pátápátá, ni mò ń wá.

Lálẹ́ àná, iná lọ ní gbogbo àdúgbò, ojú ọ̀run sì mọ́. Mo gun orí dẹ́kìn, mo gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, mo fi Stellarium, áàpù àwòrán ọ̀run orí fóònù, wá ibi tí gálásì Andromeda wà, mo wá ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ohun tí mo rí kò dùn mọ́ mi nínú rárá. Gbogbo ìràwọ̀ di ìlà bí ìgbà tí èèyàn fi abẹ́ ha ògiri, ojú ọ̀run sì pọ́n bí epo lápá ibi tí ìlú wà. Níbi tó yẹ kí Andromeda wà, bí ẹni fi ìka dọ̀tí kan dígí báyìí ni. Mo tún fi ojú kámẹ́rà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2, ó tún wá burú sí i.

Ṣé kí n lọ wá owó awò awọ̀nàjíjìn ni? Ìṣẹ́jú mélòó ló yẹ kí n máa lò? Àbí Òṣogbo kọ́ ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú èyí?

Ìràwọ̀ Ìràgbìjí

Àbúrò, ìdọ̀tí tí o rí yẹn, òun gan-an ni Andromeda. Má pa fọ́tò yẹn rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ti rìn fún mílíọ̀nù ọdún 2.5 kó tó bọ́ sínú lẹ́ǹsì rẹ lórí dẹ́kìn.

Má tíì ra awò awọ̀nàjíjìn. Andromeda kò kéré: ó fẹ̀ tó dígírì 3 lójú ọ̀run, bí ìgbà tí a to òṣùpá 6 tẹ̀lé ara wọn. Àárín rẹ̀ nìkan ló mọ́lẹ̀, gbogbo etí rẹ̀ tó kù ṣú ju ohun tí ojú lè rí lọ. Kì í ṣe pé kí a fà á sún mọ́ wa ló kù, kí a gba ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jọ ló kù.

Wo ìdí tí ìràwọ̀ rẹ fi di ìlà. Ayé ń yí dígírì 15 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Lórí 600D pẹ̀lú 50mm, ìràwọ̀ tó wà ní apá Andromeda ń sún kọjá píksẹ́lì kan, ìyẹn hóró kan nínú fọ́tò, láàárín nǹkan bí àáyá kan ààbọ̀. Ní àáyá 30, ó ti rin nǹkan bíi píksẹ́lì 19. Ìlà tí o rí nìyẹn. Má kọjá àáyá 4 tàbí 5 pẹ̀lú lẹ́ǹsì yẹn bí kámẹ́rà bá dúró sójú kan.

Mo mọ̀ pé wàá ní, àáyá 5 ha lè rí gálásì bí? Òun nìkan kò lè rí i. Ṣùgbọ́n ya 300 irú rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú 25. Kó gbogbo wọn sínú Siril tàbí DeepSkyStacker, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọ́n á to fọ́tò náà lé ara wọn, ìràwọ̀ sórí ìràwọ̀, wọ́n á sì mú ìpíndọ́gba. Gálásì dúró sí ojú kan náà nínú gbogbo fọ́tò, ṣùgbọ́n ariwo kámẹ́rà, ìyẹn àwọn hóró-hóró tó máa ń hàn nínú òkùnkùn, kò dúró sójú kan, nítorí náà ariwo á máa pa ara rẹ̀. Fọ́tò 4 á jẹ́ kí gálásì yọ lójú ariwo ní ìlọ́po 2, fọ́tò 100 á jẹ́ ìlọ́po 10. Ẹni tó bá fẹ́ kí etí gálásì hàn, wákàtí ni kó máa kà, kì í ṣe bí fọ́tò kan ṣe pẹ́ tó.

Fi lẹ́ǹsì sí f/2.8, ìyẹn kí ojú rẹ̀ má ṣí tán. Ní f/1.8, ìràwọ̀ tó wà ní igun fọ́tò á na ìyẹ́ bí labalábá. ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè tó, 1600 ti tó.

Ọ̀rọ̀ Òṣogbo, mà á padà sórí rẹ̀, nítorí o kò tíì mọ ohun tí o ní.

Olùkọ́ Físíìsì, Ẹdẹ

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí yẹn, torí ó wù mí. Ní nǹkan bí ọdún 964, Abd al-Rahman al-Sufi, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Páṣíà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìkùukùu kékeré kan wà níbẹ̀. Ojú lásán ló fi rí i. Ó di ọdún 1923 kí Edwin Hubble tó fi awò Mount Wilson ní Kalifọ́níà, tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 100, ya ìràwọ̀ kan nínú rẹ̀ tó ń tàn tó tún ń ṣú ní ìwọ̀n àkókò kan náà. Ara ìràwọ̀ yẹn ló ti ṣírò bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó, tó fi hàn pé kò sí nínú agbo tiwa rárá. Ẹ kíyè sí i pé fọ́tò ló fi rí i. Ohun tí ọmọ Òkè-Fìà ń ṣe yìí, iṣẹ́ kan náà ni.

Ẹ kò nílò áàpù láti mọ alẹ́ tó dára. Kàlẹ́ńdà Hijra tó wà lára ògiri ọ̀pọ̀ ilé wa ní Òṣogbo àti Ẹdẹ ti tó. Láti nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù náà, òṣùpá kì í tètè yọ mọ́, àṣálẹ́ jẹ́ tiyín. Láti ọjọ́ 26 títí di ọjọ́ 3 tàbí 4 oṣù tó tẹ̀lé e, ẹ ní òru tó pọ̀ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ 12 sí 17, ẹ lọ sùn. Òṣùpá tó bá kún, ó ń bo gálásì mọ́lẹ̀ bí iná ìlú.

Fọ́tò Alẹ́kúwodò

Iṣẹ́ ìgbéyàwó àti òkú ni mò ń fi kámẹ́rà ṣe, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ya ọ̀run. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ fọ́tò jẹ́ kó tó di pé gálásì dé ọ̀rọ̀ ni ìríran lẹ́ǹsì, ìyẹn fókọ́ọ̀sì. Àmì tí wọ́n kọ sára lẹ́ǹsì pé ibẹ̀ ni ọ̀nà jíjìn wà, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ wá ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ gan-an, Sirius tàbí Capella, ẹ tan àwòrán rẹ̀ sórí gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà (Live View), ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 10, kí ẹ máa yí òrùka lẹ́ǹsì díẹ̀díẹ̀ títí ìràwọ̀ á fi kéré jù lọ. Ẹ wá fi sẹ́lótéèpù dè é mọ́lẹ̀. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wákàtí kan, torí lẹ́ǹsì tó ti inú yàrá jáde á máa tutù, ìríran rẹ̀ á sì sún.

RAW, ìyẹn fọ́tò tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, ni kí ẹ fi yà á, kì í ṣe JPEG. Ẹ pa ohun tó ń jẹ́ "long exposure noise reduction" nínú kámẹ́rà, torí ó máa ń jókòó ṣe tirẹ̀ fún iye àáyá kan náà lẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ìdajì òru yín á sì lọ síbẹ̀. Ẹ ṣe tiyín nígbà tí ẹ bá parí: ẹ dé ojú lẹ́ǹsì, kí ẹ ya 20 sí 30 fọ́tò òkùnkùn tí Siril á fi yọ ariwo kámẹ́rà kúrò, àáyá kan náà, ISO kan náà, lórí dẹ́kìn níbẹ̀ gan-an, kí ẹ tó gbé kámẹ́rà wọlé. Kí ló dé tí mo fi tẹnu mọ́ "níbẹ̀ gan-an"? Ooru ni. Bí kámẹ́rà bá fi nǹkan bíi dígírì 6 sí 8 gbóná sí i, ariwo ooru rẹ̀ á di ìlọ́po 2. Òru tiwa kì í tutù bíi ti Yúróòpù, nítorí náà fọ́tò òkùnkùn ṣe pàtàkì fún wa jù wọ́n lọ. Èyí tí ẹ bá yà nínú yàrá tó ní fáànù kò bá ti orí dẹ́kìn mu.

Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá wà lórí ilẹ̀ tó so mọ́ ilé yín, dẹ́kìn á máa gbọ̀n. Ojú yín kò ní rí i, ìràwọ̀ á rí i. Mo ti pàdánù odindi òru kan bẹ́ẹ̀, ìràwọ̀ mi gbogbo rí bí ẹyin. Ìsàlẹ̀, lórí ilẹ̀ gidi, ló dára jù.

Ará Ìgbọ̀nà

Mo ń tẹ̀lé e yín o. Ẹnìkan ní kí n ra fílítà tó ń gé iná títì kúrò. Ṣé òótọ́ ni?

Ìràwọ̀ Ìràgbìjí

Fún gálásì, fi owó rẹ sápò. Fílítà wọ̀nyẹn dára fún ìkùukùu gáàsì, nítorí gáàsì ń tàn ní àwọ̀ kan péré tàbí méjì, wọ́n á sì dí ìyókù. Gálásì ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ló kún inú rẹ̀, gbogbo àwọ̀ ló ní. Ohun tí fílítà bá gé lára iná títì, ó gé e lára gálásì pẹ̀lú, pàápàá láyé iná LED tó ń tàn ní gbogbo àwọ̀. Fi owó yẹn wọ ọkọ̀ jáde kúrò láàárín ìlú.

Ọmọ Òkè-Fìà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ya 280, àáyá 5-5, mo lo Siril, mo sì rí i! Kì í ṣe ìdọ̀tí mọ́. Ó na ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó dagun bí abọ́ tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo jí ìyá mi láti fi hàn wọ́n. Wọ́n ní "ṣé èyí wà lókè ilé wa láti ọjọ́ yìí?"

Ní báyìí mo ti ra tírákà àlòkù, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí kámẹ́rà tẹ̀lé ìràwọ̀, ọ̀rẹ́ kan sì yá mi ní lẹ́ǹsì 135mm. Wọ́n ní kí n dojú ẹ̀rọ náà kọ ìràwọ̀ Polaris ní àríwá, èyí tí àwọn ìràwọ̀ yòókù ń yí ká. Mo wá a fún alẹ́ mẹ́ta, mi ò rí i. Ilé alájà méjì wà ní àríwá mi, èéfín sì wà nísàlẹ̀ ọ̀run lápá ibẹ̀. Gbogbo fídíò tí mo wò, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń ṣe é, Polaris wọn wà lókè réré.

Ìràwọ̀ Ìràgbìjí

Ìbéèrè tí mò ń retí nìyí, torí ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jáwọ́ nílẹ̀ wa. Jókòó, mà á kọ ọ́ gùn.

Ibi tí Polaris ga dé lójú ọ̀run bá ibi tí ìlú rẹ jìnnà dé sí ìlà tó pín ayé sí méjì mu. Ní London ó lé ní dígírì 51. Òṣogbo wà ní nǹkan bíi dígírì 7.8, nítorí náà Polaris kò ga ju dígírì 7 sí 8 lọ. Na apá rẹ, di ẹ̀ṣẹ́: ẹ̀ṣẹ́ yẹn tó dígírì 10. Polaris wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ilé, igi ọ̀pẹ, èéfín, ìkùukùu ọyẹ́, gbogbo wọn ló wà lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ẹni tó wà ní Òṣogbo gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń rí àríwá láìsí Polaris.

Lákọ̀ọ́kọ́, gíga. Gbé fóònù rẹ lé ẹ̀yìn tírákà, ṣí áàpù tí ń fi hàn bóyá nǹkan dọ́gba, kí o gbé tírákà sókè títí yóò fi ka 7.8. Ìyẹn á mú ọ sún mọ́ ọn dáadáa, bí o bá ti kọ́kọ́ mú ẹsẹ̀ mẹ́ta dọ́gba. Wàá rí i pé tírákà fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sílẹ̀ gbalaja. Irin ìwọ̀n tó ń mú kámẹ́rà dọ́gba lè wá máa gbá ẹsẹ̀ ìdúró. Má jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dojú kọ àríwá. Àlàfo ẹsẹ̀ méjì ni kó wà níbẹ̀, kí irin náà rí àyè yí.

Èkejì, àríwá fúnra rẹ̀. Kọ́ńpáàsì fóònù kì í sòótọ́ lórí dẹ́kìn, irin ló wà nínú kọnkéré. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni oòrùn. Wá okùn tí bíríkìlà fi ń wọn ògiri, èyí tó ní irin wúwo nídìí, so ó rọ̀ níbi tí atẹ́gùn kò ti ní mì í. Ní ìṣẹ́jú tí oòrùn bá dé góńgó rẹ̀, òjìji okùn náà á na láti gúúsù sí àríwá ní tààrà. Ṣọ́ra: ọ̀sán gangan tiwa kì í ṣe aago 12. Aago Nàìjíríà ń tẹ̀lé ibi tó wà lápá ìlà-oòrùn jù wá lọ, nítorí náà oòrùn Òṣogbo ń dé góńgó ní nǹkan bí aago 12:25 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ó sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago 1 ní àárín oṣù kejì. Stellarium á sọ ìṣẹ́jú rẹ̀ gan-an fún ọ. Má fi ìṣẹ́jú kan ṣeré, nítorí ìṣẹ́jú 1 péré ti tó nǹkan bí ìdajì dígírì nínú òjìji. Fa ìlà náà pẹ̀lú ọ̀dà sórí dẹ́kìn, o ti ní àríwá títí ayé. Má ṣe é ní oṣù kẹrin tàbí ní òpin oṣù kẹjọ, torí oòrùn máa ń wà lókè orí wa tààrà ní ìgbà yẹn, òjìji kò ní sí tí wàá tẹ̀lé. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní ló dára jù.

Ẹ̀kẹta, àtúnṣe. Bí tírákà bá fi dígírì 1 ṣìnà, lórí 600D àti 135mm ìràwọ̀ lè sún píksẹ́lì 2 sí 3 nínú ìṣẹ́jú 1. O lè fara mọ́ ọn fún àáyá 30, ṣùgbọ́n a fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dojú kámẹ́rà kọ ìràwọ̀ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí rẹ gan-an, ya fọ́tò ìṣẹ́jú 2 sí 3 nígbà tí tírákà ń ṣiṣẹ́. Bí ìràwọ̀ bá ń sún lọ sí gúúsù, tírákà ti yà jù sí ìlà-oòrùn, yí i díẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Bó bá ń sún sí àríwá, ṣe òdìkejì. Lẹ́yìn ìyẹn, wá ìràwọ̀ kan nísàlẹ̀ ní ìlà-oòrùn. Bó bá sún sí gúúsù, imú tírákà ti wálẹ̀ jù, gbé e sókè. Bó bá sún sí àríwá, ó ti ga jù. Tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ ó gbà mí ní wákàtí kan ààbọ̀. Nísinsìnyí ìṣẹ́jú 15 ni.

Ẹni tó bá ní láptọ́ọ̀pù tó lè so mọ́ kámẹ́rà, N.I.N.A., ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí kámẹ́rà, ní ọ̀nà kan tó ń ya ibi mẹ́ta lójú ọ̀run, tó ń ṣírò àṣìṣe náà fún ọ, kò sì béèrè pé kí o rí Polaris. Ṣùgbọ́n kọ́ ti okùn yẹn ná. Bátìrì láptọ́ọ̀pù lè kú nígbàkúgbà.

Ìyá Àwòrán, Ìkìrun

Ẹ kú ìmọ̀ràn o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibi tí a ń lọ, torí ó dà bíi pé ẹ̀yin ọkùnrin kì í ronú kàn án tó.

Andromeda wà ní àríwá. Bí ẹ bá dúró sí gúúsù Òṣogbo, gbogbo iná ìlú á wà lójú ọ̀nà yín. Ẹ wá sí apá Ìkìrun tàbí Ìràgbìjí, kí iná Òṣogbo wà lẹ́yìn yín. Bó bá jẹ́ ohun tó wà ní gúúsù lẹ fẹ́ yà, ẹ gba ọ̀nà Iléṣà, sí oko ẹni tí ẹ mọ̀.

Ẹ má kàn lọ dúró sínú igbó ní òru. Èmi máa ń lọ kí baálẹ̀ ní ọ̀sán, mo máa ń gbé kámẹ́rà dání kí wọ́n rí i, mo máa ń fi fọ́tò tí mo ti yà hàn wọ́n. Mo máa ń sọ fún àwọn ọdẹ àti ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ àdúgbò ibi tí mà á dúró sí, aago tí mà á dé àti aago tí mà á kúrò. Ẹni tó bá rí iná pupa kékeré nínú oko ní aago 1 òru láìmọ ẹni tó wà níbẹ̀, ẹ̀rù á bà á, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Lẹ́ẹ̀kan tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, ọdẹ kan bá mi jókòó di ìdájí, ó ń sọ ìràwọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́.

Ẹ béèrè nípa Orò. Ìlú mìíràn ní ọjọ́ tí obìnrin kò gbọ́dọ̀ jáde lóru, àwọn mìíràn ní alẹ́ tí àlejò kò gbọ́dọ̀ rìn. Obìnrin ni mí, mi ò tíì ní ìṣòro rí, nítorí mo máa ń béèrè kí n tó dá ọjọ́. Igbó Ọ̀ṣun pẹ̀lú, ibi ọ̀wọ̀ ni, ẹ má gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ síbẹ̀ lóru láìgba àṣẹ.

Bàtà tó bo kókósẹ̀ o, ejò wà. Ẹ fi nylon pupa we tọ́ọ̀ṣì, kí ojú yín má bàa padà sẹ́yìn. Ojú ń gba ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó mọ òkùnkùn lára, iná fóònù kan ṣoṣo á sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ àsìkò: òpin oṣù kẹwàá sí ìdajì oṣù kọkànlá ni mo fẹ́ràn jù. Òjò ti ń lọ, ọyẹ́ kò tíì dé. Ìrì pọ̀ nígbà yẹn, lẹ́ǹsì á máa làágùn. Mo gé fóòmù dúdú, mo ká a yí ẹnu lẹ́ǹsì ká kó gùn jáde, mo sì ra okùn ìmóoru tó ń lo pawabáǹkì. Nígbà ọyẹ́, ọ̀run lè dà bíi pé ó mọ́, ìràwọ̀ ńlá á hàn, ṣùgbọ́n eruku ti mu gálásì mọ́lẹ̀. Bí eruku bá bà sórí lẹ́ǹsì, ẹ fẹ́ ẹ kúrò pẹ̀lú rọ́bà afẹ́fẹ́, ẹ má fi aṣọ nù ún, yanrìn ló wà nínú rẹ̀, á ha dígí. Oṣù kẹta àti kẹrin, ẹ máa ṣọ́ alẹ́ tó tẹ̀lé òjò ìjì. Òjò ti fọ ọ̀run mọ́. Ọ̀run tó dára jù tí mo rí rí, irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Olùkọ́ Físíìsì, Ẹdẹ

Ìràwọ̀ Ìràgbìjí ní òun á padà sórí ọ̀rọ̀ Òṣogbo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbà á lẹ́nu yín, torí mo ti ṣe ìṣírò rẹ̀.

A ń ṣàròyé pé Polaris wà nísàlẹ̀. Ẹ wo òdìkejì rẹ̀. Nítorí pé ìlà tó pín òfurufú sí méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí wa kọjá, a ń rí ọ̀run àríwá, a sì ń rí ti gúúsù. Ẹni tó wà ní London kò lè rí Centaurus A, gálásì kan ní ọ̀run gúúsù, láéláé. Ó wà ní gíga dígírì 39 fún wa. Ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ Ọsirélíà kò lè rí M51, gálásì kan ní ọ̀run àríwá, dáadáa. Ó ga tó dígírì 50 fún wa, ní àkókò kan náà pẹ̀lú Centaurus A, ní oṣù kẹrin àti karùn-ún. Àwọn gálásì tó wà lápá ìràwọ̀ Virgo ń gba orí wa kọjá gan-an, M87, ọ̀kan nínú wọn, ga tó dígírì 85. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ jù lọ nìyẹn.

Èyí tó wù mí jù ni ti oṣù kọkànlá. Nígbà tí Andromeda bá dé góńgó rẹ̀ ní àríwá, ní nǹkan bí aago 10:30 alẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ó ga tó dígírì 56. Ẹ yíjú padà sí gúúsù ní ìṣẹ́jú yẹn. NGC 253, gálásì ńlá Sculptor, wà níbẹ̀ ní gíga tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, dígírì 57. Wọ́n ń dé góńgó ní ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú bíi 5 péré. Ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ìwọ láàárín, bí àwo òṣùwọ̀n. Àwọn ìlú tó jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì bíi tiwa ló lè rí i bẹ́ẹ̀. Òṣogbo jẹ́ ọ̀kan.

Magellanic Cloud méjèèjì, àwọn gálásì kékeré tó sún mọ́ agbo tiwa, ga dé dígírì 9 sí 12 péré. Ẹ nílò òkè tó ṣí sílẹ̀ ní gúúsù, àti ọ̀run tí òjò ti fọ̀. M104, gálásì mìíràn, dára, ó ga tó dígírì 70, ṣùgbọ́n ó kéré, 135mm kò ní fi ohun púpọ̀ hàn nínú rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá ní awò.

Ọmọ Òkè-Fìà

Ẹ̀yin àgbà mi, mo ti dé láti apá Ìràgbìjí. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ló lọ, a kí baálẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ìyá Àwòrán ṣe wí, wọ́n sì fún wa ní ọmọ ilé wọn kan tó bá wa jókòó.

Mo fi okùn fa ìlà lórí kọnkéré ilé tí a dúró sí lọ́sàn-án. Mo ṣe àtúnṣe ìràwọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ya fọ́tò 111, ìṣẹ́jú 1 kọ̀ọ̀kan, 135mm, f/4, ISO 800. Mo yọ 17 kúrò, atẹ́gùn mi àwọn kan, iná ọ̀kadà sì ba àwọn kan jẹ́. Ó ku 94, ìyẹn wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 34. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ìlà eruku dúdú hàn lára Andromeda! Ó yí i ká bí ìlà àárín ìkòkò. Àwọn gálásì kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, M32 àti M110, méjèèjì hàn. M32 dà bí ìràwọ̀ tó sanra, M110 dà bí èémí tó kan dígí.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù. Àárín fọ́tò mọ́lẹ̀, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣú. Bí mo bá fa ìmọ́lẹ̀ sókè kí etí gálásì lè hàn, òrùka dúdú á yọ yí gbogbo rẹ̀ ká. Mo sì rí àmì roboto-roboto méjì tí kò kúrò lójú kan.

Fọ́tò Alẹ́kúwodò

O ṣé é o! Má gbìyànjú láti fi ọwọ́ nù ún nínú GIMP, ètò tí a fi ń tún fọ́tò ṣe. Lẹ́ǹsì kọ́ ló bàjẹ́, gbogbo lẹ́ǹsì ló ń ṣú ní igun, àmì roboto yẹn sì jẹ́ eruku tó wà níwájú ojú kámẹ́rà. Fọ́tò funfun ló kù ọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, kí oòrùn tó yọ, ta síńgílẹ́ẹ̀tì funfun tó mọ́ sójú lẹ́ǹsì, fà á kó dán, dojú kọ ọ̀run òkè. Fi kámẹ́rà sí ibi tí á ti mú àáyá fúnra rẹ̀, ya 25. Má fọwọ́ kan òrùka ìríran, má yọ lẹ́ǹsì, má yí kámẹ́rà lára tírákà, torí eruku gbọ́dọ̀ wà ní ibi tó wà lóru. Siril á fi wọ́n pín fọ́tò rẹ, igun á mọ́lẹ̀ padà, àmì roboto á lọ. Ti iná ìlú tó bá kù, Siril ní ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́: fi àmì sí ibi tí kò sí gálásì, má fi ẹyọ kan sórí etí Andromeda, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á rò pé iná ni, á sì yọ ọ́ dànù.

Bí o bá ti yọ lẹ́ǹsì tẹ́lẹ̀, ti òru yìí ti kọjá. Ya tuntun nígbà tó o bá padà lọ.

Ọmọ Òkè-Fìà

Mo ti yọ ọ́, mo ti dá a padà fún ọ̀rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ó ní òun á tún yá mi. Ọjọ́ 27 oṣù Hijra yìí bọ́ sí Jímọ̀. NGC 253 ni mo fẹ́ yà, láti ọ̀nà Iléṣà. Ìyá Àwòrán, ṣé ẹ ní ẹni tí ẹ mọ̀ lápá ibẹ̀?

Ìyá Àwòrán, Ìkìrun

Mo ní ẹ̀gbọ́n tó ní oko ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, gúúsù rẹ̀ ṣí gbalasa. Mà á bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́la, mà á sì béèrè bóyá nǹkan kan wà ní ìlú wọn ní Jímọ̀ yẹn. Mú síńgílẹ́ẹ̀tì dání. Èmi á mú okùn ìmóoru méjì.

Ìràwọ̀ Ìràgbìjí

Mò ń bọ̀. Mà á gbé bátìrì ínfátà wá fún gbogbo wa. Ẹ jẹ́ ká dé ibẹ̀ kí aago 12 ọ̀sán tó lù, ká lè fa ìlà.